Ẹ Bá Ìjọba Ìlú Sọ̀rọ̀ Kí Ẹ Tó Ra Ọkọ̀: Ìwé Àṣẹ Iṣẹ́ Dumpster ní Amẹ́ríkà

Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ dumpster la wá sọ, ìyẹn gbígbé àpótí irin ńlá fún àwọn èèyàn láti da ìdọ̀tí sí, ká sì wá gbé e kúrò. Gbogbo ìbéèrè tí ẹ ti fi ṣọwọ́ sí mi, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni: èwo ni ká rà, àpótí mélòó la máa fi bẹ̀rẹ̀? Kò sẹ́ni tó béèrè bóyá ìlú tó fẹ́ ti ṣiṣẹ́ máa gbà á láyè. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni n ó sì máa padà sí.

Kò sí láísẹ́ǹsì dumpster kan ṣoṣo tó kárí Amẹ́ríkà. Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀. Ní California, ọ̀pọ̀ ìlú ti fi àdéhùn gbé iṣẹ́ kíkó ìdọ̀tí lé ilé iṣẹ́ kan lọ́wọ́. Ẹlòmíì tó bá gbé àpótí sílẹ̀ níbẹ̀ láti gbowó, ó rú òfin. Ní New York City, ẹ ò gbọdọ̀ kó pàǹtí ilé kíkọ́ láìjẹ́ pé Business Integrity Commission, àjọ ìlú náà tó ń bójú tó àwọn tó ń kó ìdọ̀tí, fọwọ́ sí i.

Àwọn kan ń sọ pé ilé ẹjọ́ á gbà wá lọ́wọ́ ìjọba ìlú. Lóòótọ́, ní 1994, nínú ẹjọ́ Carbone, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fagi lé òfin ìlú Clarkstown tó ní ibùdó aládàáni kan ni kí gbogbo ìdọ̀tí máa gbà kọjá. Ṣùgbọ́n ní 2007, nínú ẹjọ́ United Haulers, ilé ẹjọ́ kan náà ní bí ibùdó bá jẹ́ ti ìjọba fúnra rẹ̀, ìjọba náà lè pàṣẹ pé ibẹ̀ ni kí ẹ kó o lọ. Iye tí wọ́n bá wá ń gbà lẹ́nu géètì ibẹ̀, inú èrè yín ló ti máa jáde.

Aago ti ń lọ, n ó sáré lórí ọkọ̀. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn dẹrẹ́bà, ẹ ó rí àkọlé kékeré kan tó sọ ìwọ̀n tí ọkọ̀ lè ní pẹ̀lú ẹrù. Tó bá ti tó pọ́ùn 26,001, CDL, ìyẹn ìwé ìwakọ̀ fún ọkọ̀ ńlá tí wọ́n fi ń ṣòwò, di dandan. Bí pickup tí àkọlé rẹ̀ jẹ́ 14,000 bá ń fa tírélà 14,000, àpapọ̀ rẹ̀ ti kọjá ibẹ̀. Àwọn tó ń ta kọ́ọ̀sì lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọkọ̀ kékeré kò nílò ìwé kankan. Irọ́ ni! Láti pọ́ùn 10,001 ni ẹni tó ń fi ọkọ̀ ṣòwò láti ìpínlẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn ti gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà USDOT, ìyẹn nọ́ńbà tí iléeṣẹ́ ìrìnnà ìjọba àpapọ̀ fi ń dá ọkọ̀ ilé iṣẹ́ mọ̀.

Ìyá kan dìde: “Bí oníbàárà bá fi ọ̀dà àti bátìrì pamọ́ sábẹ́ pákó ńkọ́?”

Ẹ ṣeun, Mà, èyí ṣe pàtàkì ju ohun tó kù tí mo fẹ́ sọ lọ. Ẹ̀bi lè tẹ̀ lé ìdọ̀tí débi tó bá sùn. Lábẹ́ òfin Superfund ti 1980, òfin ìjọba àpapọ̀ lórí pípalẹ̀ májèlé mọ́, wọ́n lè mú ẹni tó gbé májèlé lọ síbi tí òun fúnra rẹ̀ yàn pé kó sanwó ìpalẹ̀mọ́ ibẹ̀. Nítorí náà, ẹ kọ ohun tí ẹ ò ní gbà sínú àdéhùn: ọ̀dà olómi, bátìrì, táyà, fìríìjì tí gáàsì ṣì wà nínú rẹ̀, asbestos, ìyẹn ohun ìkọ́lé àtijọ́ tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Kí dẹrẹ́bà gun ẹ̀gbẹ́ àpótí, kó wo inú rẹ̀, kó ya fọ́tò kó tó fi tapólì bò ó.

Ọ̀gbẹ́ni kan lẹ́yìn ní òun ti ra ọkọ̀ tòun ná. Ẹ pe ọ́fíìsì ìlú yín lọ́la, Sà. Ẹ béèrè bóyá ilé iṣẹ́ kan ti gba àdéhùn ibẹ̀, ààtàn wo ni wọ́n fẹ́ kí ẹ lò, àti bóyá àpótí lè dúró lójú títì láìgba ìwé ìyọ̀ǹda. Kí wọ́n kọ èsì rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín.