Dìde, Jẹun: Àdúrà Òwúrọ̀ fún Ọkàn àti Ara

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ẹ̀yin ti Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ kú ojúmọ́. Ṣé a jí dáadáa? Ó ti rẹ̀ wá lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká tan ara wa jẹ. BAC, ìdánwò àṣekágbá ilé ẹ̀kọ́ girama, ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní fìlọ́sọ́fì ń wọlé pẹ̀lú ojú pípọ́n, kọfí ni wọ́n fi ń dúró. Àwọn ìyá wọn náà ń gbààwẹ̀ lórí wọn nílé. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà sọ fún mi pé, "Màdáámù, ara ò já mọ́ nǹkan kan, ọkàn ló ń kàwé." Mo wo ètè rẹ̀, ó ti bó.

Ọ̀rọ̀ ọmọ yìí ni mo gbé sùn, òun ni mo gbé jí.

Ẹ ṣí Bíbélì yín sí 1 Àwọn Ọba 19. Èlíjà ti pe iná sọ̀kalẹ̀ lórí òkè Kámẹ́lì, gbogbo ayé ti rí i. Lẹ́yìn náà ni Jésíbẹ́lì ránṣẹ́ ikú sí i, ó sá wọ aginjù, ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ igi, ó ní kí Ọlọ́run kúkú gba ẹ̀mí òun. Ọkàn rẹ̀ ló ń ṣàìsàn. Áńgẹ́lì dé, kò wàásù fún un, kò bá a wí, kò sọ pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kéré. Àkàrà gbígbóná ló gbé síwájú rẹ̀, pẹ̀lú omi. Ó ní: dìde, jẹun. Wòlíì jẹ, ó mu, ó tún padà sùn! Áńgẹ́lì tún jí i lẹ́ẹ̀kejì, ó ní kó jẹun, nítorí ọ̀nà jìn. Agbára oúnjẹ yẹn ló fi rìn fún ogójì ọjọ́ dé Hórébù, ibẹ̀ ló ti wá gbọ́ ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ọ̀nà ara ni Ọlọ́run gbà wọlé tọ ọkàn rẹ̀.

Àwọn ọlọ́gbọ́n ayé ti jà lórí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Plato, ọlọ́gbọ́n ará Gíríìkì àtijọ́, kọ́ni pé ẹ̀wọ̀n ni ara jẹ́ fún ọkàn. Ó ròyìn bí Socrates, ọ̀gá rẹ̀, ṣe fẹ́ mu májèlé tí wọ́n dájọ́ rẹ̀ fún un ní nǹkan bí 399 ṣáájú ìbí Krístì. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Crito bi í pé báwo ni ká ṣe sin ọ́? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bó ṣe wù yín, bí ẹ bá lè rí mi mú. Ọ̀rọ̀ akọni ni. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn kan náà, ìyàwó rẹ̀ ń sunkún níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́, Socrates sì ní kí wọ́n bá òun mú un lọ sílé. Èmi ò tíì dárí ìyẹn jì í. Aristotle tó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Plato kò gba ti ọ̀gá rẹ̀. Ó ní bí ojú bá jẹ́ ẹ̀dá alààyè, ìríran ni ì bá jẹ́ ọkàn rẹ̀: ta ló fẹ́ yọ ìríran kúrò lára ojú kó gbé e sí apá kan?

Lẹ́tà Elisabeth ti Bohemia ló dùn mọ́ mi jù. Ọmọ ọba ni, nílé tó ti pàdánù adé. Ní 1643 ó kọ̀wé sí Descartes, ọ̀mọ̀wé ará Faransé tó ní ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọkàn àti ara. Ó bi í léèrè: ọkàn tí kò ṣeé fọwọ́ kàn, báwo ló ṣe ń ti ara tí ara fi ń rìn? Descartes dáhùn, ó tún dáhùn, kò tẹ́ obìnrin náà lọ́rùn. Nígbà tó di 1645, ibà kan mú Elisabeth, kò fẹ́ lọ bọ̀rọ̀. Descartes fúnra rẹ̀ ló kọ̀wé sí i pé ìbànújẹ́ ló sábà máa ń fa irú ibà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní méjì ni wọ́n!

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́rìí. Àrùn rọpárọsẹ̀ dá ìyá mi dùbúlẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹnì kan tó wá kí wa wò ó títí, ó ní, "Ẹ máa ṣe sùúrù, òun kọ́ nìyí, ara lásán ló kù." Mi ò fèsì. Ṣùgbọ́n bí mo bá dá orin àárọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní rẹ̀, ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í lu ẹní. Díẹ̀díẹ̀. Ó máa ń kùnà ìlù, á dúró, á tún wá a rí. Bí mo bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣi orin náà kọ, ìka náà á dákẹ́, ojú rẹ̀ á yí sí mi bí ìgbà tó ń bá mi wí lọ́mọdé. Nígbà tí mo bá fi àdí pa ọwọ́ yẹn, ta ni mò ń pa lára? Ìyá mi mà ni!

Àwọn bàbá wa tí kò ka Plato mọ̀ pé ẹni tó fi amọ̀ mọ ara àti ẹni tó fi ẹ̀mí sí i ti bára wọn ṣiṣẹ́ pọ̀. Ìwé Mímọ́ ní erùpẹ̀ ni Olúwa kọ́kọ́ fọwọ́ mọ, kó tó mí sí i. Nílùú Àjàṣẹ́ wa yìí ni ìjọ Sẹ̀lẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1947, títí dòní wọ́n ń bọ́ bàtà kí wọ́n tó wọ ilé àdúrà. Ẹsẹ̀ náà ń jọ́sìn.

Ẹ gbé ọwọ́ lé àyà yín. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń lù. Ẹ bá mi gbàdúrà.

Bàbá, o ṣé tí èémí yìí ṣì ń wọlé, tó ń jáde. A sùn, a ò mọ̀ bó ṣe ń lọ, ìwọ lo ń ṣọ́ ọ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ìwọ tó mí sí ihò imú Ádámù, tún mí sí wa. Mí sí ìyá tó gun zẹ́mí, ọ̀kadà wa, lọ sọ́jà Wándó láìtíì sùn tán. Mí sí apẹja tó wà lórí ọ̀sà. Mí sí àgbẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́ tí ẹ̀yìn ń dùn.

Ọwọ́ tí kò gbé, ẹsẹ̀ tí kò rìn, ahọ́n tó wúwo, Olúwa, fọwọ́ kàn án lónìí. Bí o kò bá tíì gbé e dìde, má fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ẹni tó ń yí aláìsàn sí ọ̀tún, tó ń yí i sí òsì, tó ń fọ aṣọ rẹ̀, jẹ́ kó rí oorun sùn. Má jẹ́ kó sú u. Bó bá sì sú u, má bínú sí i.

Àwọn ọmọ wa tó ń lọ ṣe BAC, Olúwa, fún wọn ní oúnjẹ, fún wọn ní oorun! Ohun tí wọ́n kà kò ní fò lọ. Orí wọn kò ní dàrú níwájú ìwé. Ọwọ́ wọn kò ní gbọ̀n. Ojú kò ní ti ìyá tó gbààwẹ̀, ojú kò ní ti bàbá tó yáwó!

Ìbànújẹ́ tó wọra di ẹ̀jẹ̀ ríru, Olúwa, fà á tu! Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sí wa tó di ọgbẹ́ inú, fà á tu! Gbèsè tó di àìróorunsùn, fà á tu! Ìbẹ̀rù tó ń jẹ wá lẹ́ran ara, fà á tu tegbòtegbò!

Gbogbo agbára tó ń wá ọ̀nà láti lé ẹ̀mí jáde nínú ara kí ọjọ́ tó pé, Olúwa, dí wọn lọ́nà! Lójú títì Kútọnu, ẹ̀jẹ̀ wa kò ní dà. Ní yàrá ìrọbí, a kò ní kó aṣọ ọmọ délé láìkó ọmọ. A kò ní fi ọwọ́ ara wa sin ọmọ wa. Wọn kò ní pe orúkọ wa kí ẹlòmíì máa jẹ́ ẹ pẹ̀lú ẹkún!

Ọjọ́ tí ìwọ fúnra rẹ bá pè wá, kó jẹ́ lógbólógbó, kí ọmọ wa di ọwọ́ wa mú. Kí o má sì gbàgbé ara tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀. Ìwọ tó jí ọmọ rẹ dìde tara-tọkàn, jí àwa náà bẹ́ẹ̀. Ní orúkọ Jésù, ẹni tó jíǹde tán tó sì bá àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ ẹja sísun, la gbàdúrà. Àmín.