Owó Ibodè, Ogun Ìmàgbọ̀n àti Èrò Karl Marx

Ọ̀rọ̀ yìí, lórí bí èrò Karl Marx ṣe lè là wá lójú sí ìṣubú Ìjẹ̀bú ní 1892, ni mo bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtàwọn àgbà kan sọ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí kò ráyè wá.

Ẹ jẹ́ ká ti orí gàrí bẹ̀rẹ̀. Pákí tí a rin, tí a kó sápò, tí a gbé òkúta lé, kì í kan lójú ẹsẹ̀. Omi ń ro jáde, kíkan ń wọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ojú ò rí nǹkan kan. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣí àpò, ohun tó wà níbẹ̀ kì í ṣe pákí ìjẹrin mọ́. Omi tó ń gbóná títí tó fi di ooru ni Friedrich Engels, ọ̀rẹ́ Karl Marx, fi ṣàlàyé irú ìyípadà yìí. Gàrí tẹ́ mi lọ́rùn jù, torí inú àpò yẹn náà ni ohun tó sọ ọ́ di kíkan ti ń ṣiṣẹ́.

Hegel, onímọ̀ ará Jámánì tó kú ní 1831, gbà pé ìtakora, ìyẹn ohun méjì tó ń bá ara wọn jà nínú nǹkan kan náà, ló ń ti ayé síwájú, ṣùgbọ́n inú èrò ló fi ìdí rẹ̀ sí. Marx, tí wọ́n bí ní 1818, gbé ọ̀rọ̀ náà wá sórí ilẹ̀: kí ni ìlú ń jẹ, ta ló ń ṣe é, ta ló ń kó èrè rẹ̀? Dialectical materialism tí à ń pè é lónìí, àwọn tó tẹ̀ lé e ló fún un lórúkọ náà lẹ́yìn tó kú ní 1883.

Ẹ wá wo ilé wa. Àwọn baba wa ló di ọ̀nà Èkó sókè mú. Ará Èkó ò gbọdọ̀ kọjá ọjà Ẹ̀jìnrìn, ará òkè náà ò gbọdọ̀ kọjá Orù. Ọwọ́ Ìjẹ̀bú ni iyọ̀, ìbọn àti ẹ̀tù gbà dé Ìbàdàn, ọwọ́ Ìjẹ̀bú náà ni epo àti ẹrú gbà sọ̀ kalẹ̀, owó ibodè sì ń wọlé. Ohun tó sọ wá di ọlọ́rọ̀ nìyẹn. Àmọ́ ẹ fara balẹ̀ wò ó. Nígbà ogun Kírìjì, tí Ìbàdàn bá Èkìtì Parapọ̀ jà, Awùjalẹ̀ Fìdípọ̀tẹ̀ ní kí wọ́n ti ọ̀nà mọ́ Ìbàdàn. Ti ta ni ọ̀nà títì bá lára mu? Kì í ṣe ti ẹni tó ní ẹrù láti tà. Àwọn ọmọ ogun tirẹ̀ tó wà ní Orù ló kọ̀yìn sí i, ó sì sá lọ sí Ẹ̀pẹ́, ibẹ̀ ló kú sí. Òyìnbó ò tíì yìnbọn kankan sí wa nígbà yẹn o.

Ẹrú ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wọn sá lọ sí Èkó. Púpọ̀ nínú àwọn tí ìjọba Èkó kọ́kọ́ kó jọ ṣe sójà Haúsá ló jẹ́ ẹrú tó sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn. Ní May 1892, nínú Ogun Ìmàgbọ̀n, irú àwọn sójà bẹ́ẹ̀ wà lára àwọn tí Carter, Gómìnà Èkó, rán sí wa, tí wọ́n la odò Yemọjí kọjá. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí ní gbogbo ìgbà tí mo bá rò ó: ọrọ̀ tí a kó jọ lórí ẹrú ló bí ọwọ́ tó gbé ìbọn padà wá.

Bàbá àgbà kan dìde, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ìbọn Maxim ló ṣẹ́gun wa, kì í ṣe ìtakora kankan.” Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní òótọ́ ni wọ́n sọ, ẹnikẹ́ni ò lè fojú kékeré wo ìbọn arọ̀jò-ọta náà. Mao Zedong, ọmọ ẹ̀yìn Marx tó padà di olórí Ṣáínà, kọ ọ́ ní 1937 pé ooru a máa sọ ẹyin di òròmọdìẹ, kì í sọ òkúta di nǹkan kan. Ìbọn ni ooru. Ẹyin ti wà nílẹ̀ ná.

Ní 1901, ọkọ̀ ojú irin Èkó dé Ìbàdàn, Abẹ́òkúta ló sì gbà. Kò sí ẹni tó bá Ẹ̀jìnrìn jà, ẹrù òkè kàn gba ibòmíràn lọ ni.

Ibì kan wà tí mo ti yà kúrò lẹ́yìn àwọn tó fẹ́ fi ọrọ̀ ajé nìkan tú gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn 1892, àwọn èèyàn wa ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí lọ́pọ̀ yanturu. Ibodè tó wó lè sọ ìdí tí wọ́n fi wá nǹkan tuntun, kò lè sọ ohun tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n kúnlẹ̀. Engels fúnra rẹ̀ kọ̀wé ní 1890 pé òun àti Marx kò sọ pé ọrọ̀ ajé nìkan ló ń pinnu ohun gbogbo. Lẹ́tà yẹn ni mo kà fún bàbá kí a tó túká, wọ́n sì ní kí n tún un kà.