Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì: Ibi Tó Ti Bá Yorùbá Mu àti Ibi Tó Ti Yà

Ẹ̀yin tí ẹ ń wò wá láti Ìjẹ̀bú-Òde, Ṣágámù, Ìkẹ́nnẹ́ àti gbogbo àyíká, ẹ kú ìkàlẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ètò gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì dẹ́rù bà yín. Ẹ wo èyí: "Bísí ra obì ní Ṣágámù." Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ni "Bisi bought kola nuts in Sagamu." Olùwà (Bísí) ló ṣáájú, ọ̀rọ̀-ìṣe (ra) tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni àbọ̀ (obì), ibi tó ti ṣẹlẹ̀ wá gbẹ̀yìn. Bí àwa náà ṣe ń tò ó nìyẹn.

Inú ọ̀rọ̀-ìṣe ni iṣẹ́ wà. "Ra" tiwa kì í yí padà. Bísí ra obì, Bísí máa ń ra obì, Bísí yóò ra obì: ọ̀rọ̀ kékeré tó bá wà níwájú rẹ̀, bíi "máa ń" àti "yóò", ló ń sọ àsìkò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-ìṣe fúnra rẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ń yí. "Bought" ni ti àná, "buys" ni ti ohun tó máa ń ṣe. "I buy", "they buy", àmọ́ "Bisi buys". Lójú tèmi, "s" yẹn kò wúlò fún nǹkan kan gúnmọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń máàkì ìdánwò ń wá a.

Èyí tó le jù rèé. Gàrí Ìjẹ̀bú kan. Ẹni tó bá ti fi omi tútù rẹ ẹ́ mu rí kò ní jiyàn. "Kan" yìí, ọ̀rọ̀-ìṣe ni, ó tó dá dúró. "Sour" kò lè dá ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá kọ "Ijebu garri sour", gbólóhùn yín kò ní ọ̀rọ̀-ìṣe. Ẹ fi "is" sí i: "Ijebu garri is sour." Bẹ́ẹ̀ náà ni "Ọmọ náà ga": "The child is tall." Nígbàkigbà tí ẹ bá ń sọ bí nǹkan ṣe rí, ẹ wá "is", "are", "was" tàbí "were" kí ẹ tó gbé bírò sílẹ̀.

Ti ọ̀rọ̀ àpèjúwe kò le. Lọ́jọ́ Ojúde Ọba, a lè rí Balógun lórí ẹṣin funfun. "A white horse" ni Gẹ̀ẹ́sì ń wí, funfun á ṣáájú ẹṣin. Ti "a" àti "the", ó di fídíò mìíràn.

Ẹ dá fídíò dúró díẹ̀, kí ẹ kọ méjì yìí ní Gẹ̀ẹ́sì: "Ìkọ́kọrẹ́ yìí gbóná." "Ìyá mi máa ń ta aṣọ pupa."

Ẹ ti kọ ọ́? "This ikokore is hot." "My mother sells red cloth."