Baba onílù gbàgbé oúnjẹ àárọ̀, kò gbàgbé ìlù

Ẹ wo ọwọ́ òsì baba yìí. Ó ń fún ọsán dùndún, ó ń dẹ̀ ẹ́, ọwọ́ ọ̀tún ń fi kọ̀ǹgọ́ sọ̀rọ̀. Ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ la wà. Oríkì tó ń lù gùn bí ọ̀nà oko, kò sì ṣì í níbì kankan. Ṣùgbọ́n ẹ bi í ní ohun tó jẹ láàárọ̀, á ní kí ẹ lọ bi ìyàwó òun.

Ẹ ó ní ọ̀rọ̀ àgbà ni. Àmọ́ kí ló dé tí àgbà ò mú ìlù lọ?

Lọ́dún 1953, ní Amẹ́ríkà, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ orí fún Henry Molaison, ẹni ọdún 27, nítorí wárápá. Wọ́n gé lára ọpọlọ rẹ̀ ní tọ̀tún-tòsì, ibi tí wọ́n ń pè ní hippocampus wà níbẹ̀. Wárápá rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n látọjọ́ náà, bí ẹ bá kí i, tí ẹ jáde, tí ẹ tún padà wọlé, àlejò tuntun ni yín.

Brenda Milner, onímọ̀ nípa ọpọlọ, wá ní kó máa wo inú dígí ya ìràwọ̀. Ẹ dán an wò nílé, ọwọ́ á máa lọ síbi tí ẹ ò rán an. Ọjọ́ mẹ́ta ni Henry fi yà á, ọwọ́ rẹ̀ ń já gaara sí i. Bẹ́ẹ̀, kò rántí pé òun ti ṣe é rí!

Ọpọlọ náà ló ṣe méjèèjì o. Apá tó wà ní ìpàkọ́, pẹ̀lú àwọn ibì kan nínú lọ́hùn-ún, ló ń tọ́jú ohun tí a fi ara kọ́. Hippocampus ló ń bá wa tọ́jú ẹni tí a rí àti ohun tí a jẹ. Ibẹ̀ wà lára ibi tí àrùn ìgbàgbé tí wọ́n ń pè ní Alzheimer máa ń kọ́kọ́ bà jẹ́. Nítorí náà, bí ìgbàgbé baba bá ń le sí i, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ mú wọn lọ rí dókítà.

Ẹni tó ń gbọ́ ìlù náà ń ṣiṣẹ́. Ìlù ò lè pe lẹ́tà. Ohùn òkè, àárín, ìsàlẹ̀ ló ní. Bó bá lu re-mí, ṣé ilé ló wí ni, àbí igbá, àbí ọkọ́? Ọpọlọ ló ń fi ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ yàn nínú wọn. Èmi tí mo dàgbà síta, ariwo ni mo gbọ́. Àwọn tó yí mi ká ti ń rẹ́rìn-ín. Mo bi wọ́n pé kí ni baba sọ.

Wọ́n ní èmi ni wọ́n ń fi ìlù bú.