Àbámọ̀ Nínú Gẹ̀ẹ́sì: Bí Must, Should àti Would Ṣe Ń Wẹ̀yìn

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi ní Àkúrẹ́, àti ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń múra ìdánwò WAEC.

Irú gbólóhùn tí mo máa ń rí nínú ìwé àwọn ọmọ ni mo gbé wá: "I must go to Ọjà Ọba yesterday." Ohun tó wà lọ́kàn ọmọ náà yé wa. "Mo ní láti lọ" ni à ń sọ lónìí, òun náà ni à ń sọ nípa àná. Ọ̀rọ̀-ìṣe tiwa kì í pa ara dà. Ti Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀. Bí ọ̀ranyàn bá ti kọjá, "had to" ló ń gba ipò must: "I had to go." Ẹ sì wo ohun ìyanu kan. Láyé àtijọ́, must fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi ń sọ ohun àná, ara ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan, mōtan, ló ti wá. Nígbà tó yá ló di ọ̀rọ̀ òní, kò sì ní ẹ̀dà tirẹ̀ mìíràn fún àná, ìdí nìyẹn tí a fi ń yá "had to" lò.

"Must have" wá ńkọ́? Ẹ jí ní Alágbàká, ẹ rí i pé ilẹ̀ tutù. "It must have rained." Ó ní láti jẹ́ pé òjò rọ̀. Kò sẹ́ni tó rí òjò. Ilẹ̀ tútù là ń wò tí a fi ń sọ ọ́. Òní ni must dúró sí, "have rained" ló gbé àná dání. Bí kò bá dá wa lójú, ká lo "may have" tàbí "might have". Bí a bá gbà pé kò lè rí bẹ́ẹ̀, "It can't have rained."

Ibi tí ọkàn mi wà gan-an nìyí: àbámọ̀. Ẹ fetí sí ọ̀rọ̀ náà, à-bá-mọ̀. Gírámà ni àwọn baba wa fi sọ ẹ̀dùn ọkàn lórúkọ! "Ǹ bá mọ̀, ǹ bá ti tètè lọ." Ẹ rí i pé ìhà méjèèjì ni "ǹ bá" wà, ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ fi ń kọ "If I would have known". Nínú Gẹ̀ẹ́sì tí ìdánwò ń béèrè, had ni ìhà "if" ń gbà: "If I had known, I would have gone early."

Ọdún tí ìyá mi ṣàìsàn ní Oǹdó, mo sún ìrìn àjò mi láti Jímọ̀ sí Sátidé. N kò bá wọn láyé. "I should have gone on Friday." Ó yẹ kí n ti lọ, n kò lọ. Gbólóhùn kúkúrú yẹn gbé ohun méjèèjì. Ẹni tó bá kọ ọ́ ní "should of", nítorí bó ṣe ń dún létí, ti sọ have nù, have yìí ló sì gbé gbogbo ohun tó kọjá náà dání.

Ìkan kù: "I could catch the last bus yesterday" kò tọ́ bó bá jẹ́ pé ẹ rí ọkọ̀ náà wọ̀ lóòótọ́. "I was able to" ni. Bí ẹ kò bá rí i wọ̀, "I couldn't" dára.

Ó yá, ẹ mú ìwé. Àbúrò yín wọlé, bàtà rẹ̀ kún fún ẹrọ̀fọ̀, kò sì mú iṣu tí ẹ rán an wá. Gbólóhùn mẹ́ta: must have, should have, can't have.