Òkúta Barberton: iná da eérú sílẹ̀, òkun ló fi sílíkà sí i

Ẹ kú ìjókòó o. Òkè Makhonjwa ní Barberton, ní Gúúsù Áfíríkà létí ààlà Eswatini, ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò. Àwọn òkúta ibẹ̀ ti lo ọdún bíi bílíọ̀nù 3.2 sí 3.6, UNESCO sì kọ ọ́ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2018, ó tọ́ sí i dáadáa.

Abẹ́ omi ni púpọ̀ nínú ibẹ̀ wà nígbà náà. Ẹ wo lava ẹ̀ (òkúta yíyọ́ tí òkè ayọnáyèéfín tú jáde), ó rí roboto, ó gun orí ara wọn bí ìrọ̀rí, torí tí lava bá tú sínú omi tútù, ẹ̀yìn ẹ̀ á kọ́kọ́ dì, inú á ṣì máa ṣàn, á wá bẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ jáde, òmíràn á tún dì.

Àárín àwọn lava yìí ni ìpele òkúta kan wà tó le gan-an, funfun níbì kan, dúdú níbòmíì, chert ni wọ́n ń pè é. Sílíkà ló kún inú ẹ̀, nǹkan kan náà tí wọ́n fi ń ṣe gíláàsì, òmíràn lé ní ìdá 95 nínú 100. Bẹ́ẹ̀ lava tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ ò ní sílíkà tó yẹn o! Komatiite, irú lava kan tí àwọn onímọ̀ òkúta Viljoen, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, fi orúkọ odò Komati pè ní 1969, ìdá bíi 45 péré ni tiẹ̀, ti basalt, irú lava mìíràn, ò sì ju bíi 50 lọ. Níbo wá ni ìyókù ti wá?

Omi òkun ni. Ó ń gba ibi tí lava ti sán wọlé, ó ń lọ sísàlẹ̀ níbi tó gbóná, omi gbígbóná sì máa ń yọ́ sílíkà ju omi tútù lọ, á gbé e gòkè, bó ṣe wá ń tutù bọ̀ lókè ni agbára ẹ̀ ń dín, á da sílíkà sílẹ̀ sínú ihò òkúta. Òkun fúnra ẹ̀ náà kún fún sílíkà nígbà yẹn. Lóde òní, diatom, àwọn ohun ẹlẹ́mìí kékeré tó ń fi sílíkà ṣe ìkarahun, ló ń fà á kúrò nínú omi, àmọ́ kò tíì sí diatom rárá láyé ìgbà yẹn.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù ni Msauli Chert, ọ̀kan nínú àwọn chert ibẹ̀, ó ti tó bíi bílíọ̀nù 3.3 ọdún. Tí ẹ bá gé e, ẹ máa rí ìṣù eérú kéékèèké nínú ẹ̀, mílímítà díẹ̀ péré, tí eérú yí po ní ìpele-ìpele. Nígbà tí òkè ayọnáyèéfín bú, eérú àti oru omi dà pọ̀ lójú sánmà, eérú tútù ń lẹ̀ mọ́ra, ó wá já sínú òkun (èyí fi hàn pé ẹnu òkè yẹn ò jìn nísàlẹ̀ omi, tàbí kó ti yọrí síta). Ìṣù yẹn ṣì rí roboto dòní! Ká ní sílíkà pẹ́ kó tó wọlé ni, ẹrù tó wà lókè ì bá ti tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ, torí náà kíá ni òkun ti sọ eérú rírọ̀ di òkúta.

Lílè kíákíá yìí náà ló jẹ́ ká rí nǹkan nínú Buck Reef Chert, chert mìíràn ní Barberton. Àwọn onímọ̀ òkúta, Michael Tice àti Donald Lowe, kọ ọ́ ní 2004 pé ipa àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń lo ìmọ́lẹ̀ oòrùn wà níbẹ̀, láti bíi bílíọ̀nù 3.4 ọdún sẹ́yìn.

Kì í ṣe gbogbo sílíkà Barberton ló ti inú omi wá ṣá o, dacite, òkúta ayọnáyèéfín kan tí sílíkà pọ̀ nínú ẹ̀, wà níbẹ̀ tó gbé tiẹ̀ wá láti inú iná. Tí wọ́n bá fẹ́ mọ irú eérú tí chert kan jẹ́ tẹ́lẹ̀, aluminium àti titanium ni wọ́n ń wọ̀n, torí àwọn méjèèjì kì í sábà bá omi lọ, bí sílíkà ṣe wù kó pọ̀ tó, ìwọ̀n ọ̀kan sí èkejì ò ní fi bẹ́ẹ̀ yí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ̀ bóyá komatiite ni àbí dacite.