Bàbá Àgbà Kì Í Bínú

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin tèmi. Mi ò gba àlejò sórí ètò yìí lónìí, èmi nìkan ni màá sọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí a ti sin bàbá mi ní Gbọ̀ngán ni mo ti fẹ́ sọ ọ́: èèyàn tí àwa ọmọ sin níjọ́ náà kọ́ ni èèyàn tí àwọn ọmọ wa sin.

Iṣẹ́ wọn ni kí n fi bẹ̀rẹ̀. Gírédà kòkó ni bàbá mi, ẹni tó ń yẹ kòkó wò fún ìjọba. Ayé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ ni wọ́n ti wọṣẹ́, kí Cocoa House tó dúró n'Ìbàdàn ní 1965. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà lóko kòkó, ẹ fara dà á fún mi díẹ̀, mo fẹ́ ṣàlàyé fáwọn ọmọ Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Àgbẹ̀ á já kòkó, á fọ́ ọ, á kó o jọ sábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún bí ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà kó lè gbóná, lẹ́yìn náà á sá a. Bó bá gbẹ tán, kò tíì di owó o. Gírédà gbọ́dọ̀ wò ó. Bàbá mi á ki irin kan tó níhò nínú bọ inú àpò, wọ́n á fa kòkó yọ láti ìsàlẹ̀, torí àwọn ọlọ́gbọ́n a máa kó èyí tó dáa sókè. Hóró 300 ni wọ́n ń kà sílẹ̀, wọ́n á sì là á lóòró lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí inú rẹ̀ bá pupa rúsúrúsú, ó dáa. Bó bá rí bí eérú, àgbẹ̀ ti kánjú. Bí èyí tó bu bá ju 3 lọ nínú 100, gírédì kìíní ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. "Ẹ fi ti Ọlọ́run ṣe é" kò wọ etí bàbá mi. Ẹ kó o padà lọ sá ni.

Wọn kì í gba ẹ̀gúnjẹ. Mo mọ̀ pé kò sọ́mọ tí kì í sọ bẹ́ẹ̀ nípa bàbá rẹ̀, àmọ́ ìyá mi ni ẹlẹ́rìí mi, àwọn ni wọ́n jìyà ẹ̀. Adìẹ tí àgbẹ̀ bá gbé wá sílé wa láàárọ̀, ìyá mi ni yóò gbé e padà kó tó dọ̀sán, níṣojú gbogbo àdúgbò. Ní Apòmù o, ní Ìkirè o, ibi yòówù tí ìjọba bá gbé wa lọ, ata ọ̀wọ́n ni ìyàwó gírédà ń rà.

Nílé náà, bákan náà ni. A ní oko kòkó kékeré kan lẹ́yìn Gbọ̀ngán. Ẹ ṣáà mọ bí kòkó tútù ṣe ń dùn: ẹran funfun tó bo hóró yẹn, tó ń yọ̀ lẹ́nu. Ọmọ tó bá fọ́ ọ mu nínú wa, pàṣán ni. "Owó lẹ̀ ń jẹ yẹn!" Ẹ̀yìn mi mọ gbólóhùn yẹn dáadáa.

Ní 1986, ìjọba Babangida fòpin sí bọ́ọ̀dù tó ń ra kòkó. Ẹnikẹ́ni tó bá ti lówó wá di oníkòkó. Èyí tí kò gbẹ, wọ́n rà á. Èyí tó bu, wọ́n rà á. Kò pẹ́ tí àwọn òyìnbó ò san owó lé owó mọ́ nítorí pé kòkó Nàìjíríà ni. Bàbá mi á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọkọ̀ á kó àpò kọjá, wọ́n á ní: "Omi ni wọ́n ń rà."

Ó wá di ọjọ́ tí mo kó àwọn ọmọ mi délé láti Peckham ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Àjàní ò ju ọmọ ọdún méje lọ nígbà yẹn. Bàbá mi mú un lọ sóko, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tẹ̀ lé wọn. Mo ń wò wọ́n. Wọ́n já kòkó tó pọ́n, wọ́n gbá a mọ́ òkúta lẹ́ẹ̀kan, ó là. Wọ́n fi àtàǹpàkò yọ hóró kan, wọ́n nà án sí Àjàní, wọ́n ní kó mu ún, kó tu hóró dànù. Ọmọ yìí kàn rún un mọ́nú eyín ni! Ẹ ò rí ojú ẹ̀, bó ṣe korò tó. Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ṣí fìlà nu ojú. Wọ́n sì tún já òmíràn.

Ẹ̀gbọ́n mi ò lè pa á mọ́ra. Wọ́n ní, "Bàbá, owó ló ń jẹ yẹn o."

Bàbá mi ò tilẹ̀ wẹ̀yìn. "Ta ló bi ọ́?"

Àwọn èèyàn ń sọ fún mi pé àgbà ló ń rọ bàbá lójú. Mi ò gbà. Àwa ni àpò tó wà níwájú wọn nígbà tí òǹtẹ̀ gírédà ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Bí a bá bu, orúkọ tiwọn ló wà lára wa. Nígbà tí Àjàní fi máa dé, wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Ẹ̀gbọ́n mi ní irọ́ ni, pé wọ́n kàn fẹ́ràn ọmọ ọkùnrin ni. Àmọ́ ọmọbìnrin mi náà ń kọ́? Gbogbo ọjọ́ Sunday lẹ́yìn ìsìn ni wọ́n ń pè é lórí WhatsApp, tí wọ́n á máa kì í, ọmọ tí kò gbọ́ ìdajì oríkì náà á sì jókòó gan-an bí ọba.

Nígbà ìsìnkú, Àjàní dìde, ó gba makirofóònù, ó fi Yorùbá Lọ́ńdọ́ọ̀nù rẹ̀ sọ pé: "Bàbá àgbà kì í bínú." Ẹ wò ó, gbogbo abẹ́ àtíbàbà ló bú sẹ́rìn-ín. Àwọn àgbẹ̀ àtijọ́ wà níbẹ̀. Bàbá kan láti Ìkirè fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni bàbá mi dá kòkó wọn padà ní sáà kan ṣoṣo. "Mi ò tíì dárí jì í. Ṣùgbọ́n mo ní kí n wá jẹ ìrẹsì ẹ̀."

Ó ku ọ̀rọ̀ irin tí wọ́n fi ń fa kòkó. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló wà, l'Abẹ́òkúta, Àjàní sì ń bi mí léèrè rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ pé ẹ máa ń gbọ́ ètò yìí, bẹ́ ẹ tilẹ̀ ń sọ pé ẹ kì í gbọ́ ọ. Ẹ ò gírédì kòkó rí láyé yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún ọmọ nírin ẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀ nílùú ọba láìpẹ́ ni kẹ́ ẹ fi rán, ẹ jẹ́ kó kó o sínú báàgì ńlá o, kì í ṣe èyí tó máa gbé wọ inú bàálù.

Ó dàbọ̀ ná.